Ibi Funfun Nínú Òkun Bay Sable

Ajé, 3 Èrèlé

Jessica, ọ̀gá mi, gbé òkun odidi orílẹ̀-èdè kan lé mi lọ́wọ́ lónìí. Ó ní, "Fèyí, ìwọ lo máa ya ti Saint Auban." Bí ẹni ń na búrẹ́dì síni ló ṣe sọ ọ́. Erékùṣù kékeré ni, ṣùgbọ́n omi tó jẹ́ tiwọn fẹ̀ ju gbogbo ìpínlẹ̀ Òǹdó lọ. Ìjọba wọn fẹ́ pín in bí a ṣe ń pín ilẹ̀: ibí fún apẹja, ibí fún ọkọ̀ ńlá, ibí fún ẹja láti máa bímọ sí, ibí fún àwọn tó fẹ́ wa yanrìn. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Èbibi, wọ́n á pe àwọn ará ìlú jọ láti wo máàpù náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di òfin.

Mo ṣí fọ́tò sátẹ́láìtì rẹ̀. Àwọ̀ omi náà! Ojú ọ̀run Dallas dúdú bí omi ìfọṣọ lẹ́yìn fèrèsé, èmi sì ń gbé imú sún mọ́ kọ̀ǹpútà bí òmùgọ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti gbóòórùn òkun gbẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé

Nínú iṣẹ́ máàpù, bí ẹni ń gbálẹ̀ la ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn apẹja Bay Sable, abúlé tó wà ní gúúsù erékùṣù náà, gbé tírákà kéékèèké, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà fún sátẹ́láìtì, sínú ọkọ̀ wọn fún oṣù mẹ́jọ, kí a lè mọ ibi tí wọ́n ti ń pẹja. Ipa ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan di ìlà kan lórí máàpù. Ìlà tó bá já lágbedeméjì, ìdọ̀tí ni, à ń kó o dànù. Mo kó púpọ̀ dànù lónìí. Jessica ní ọwọ́ mi mọ́. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Dọ́là mẹ́jọ ni páálí ẹyin kan. Akínbọ́lá, ọkọ mi, ní ká kúkú lọ ra adìẹ.

Àìkú, 16 Èrèlé

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pe Bàbá. Látìgbà tí òkun ti gba ilé wa, ọ̀dọ̀ Tèmítáyọ̀ àbúrò mi ló ń gbé ní Òkìtìpupa, kò sì tíì dárí ji Òkìtìpupa. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí òun sùn.

"Ibi tí o wà yẹn, ṣé ó jìnnà sí òkun?"

"Ó jìnnà, Bàbá. Wákàtí márùn-ún nínú mọ́tò."

"Kí lẹ wá ń ṣe tí ilẹ̀ bá mọ́?"

"À ń lọ síbi iṣẹ́, sà."

"Hùn. Iṣẹ́ wo?"

Mo ní òkun ni mo ń yà. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní òun rán mi lọ sílé ìwé kí n lè bọ́ lọ́wọ́ òkun, òkun sì gba ẹ̀yìnkùlé tọ̀ mí lọ sí Amẹ́ríkà. Bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn ni mo gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ tó. Àárò rẹ̀ sọ mí débi pé mo gbé fóònù dání fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó ti pa á.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Òtútù apani. Wọ́n ti ilé ìwé. Olúwadára ọmọ wa wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé ara wọn, ó ń fi òyìnbó bi mí bóyá èèyàn lè lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun Mọ́mì. Òkun Mọ́mì!

Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà

Máàpù àkọ́kọ́ ti jáde, ó sì dùn ún wò. Ní gúúsù Bay Sable, ibì kan wà tó funfun báláú, ìlà kankan kò gba ibẹ̀ kọjá. Níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, a fi í fún wíwa yanrìn. Àwọn kan fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí etíkun, wọ́n nílò yanrìn tí wọ́n máa fi di ilẹ̀. Jessica ní kò pa ẹnikẹ́ni lára. Gbogbo wa gbà. Èmi náà gbà.

Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ́nà

Akínbọ́lá gbà láti gbé wa lọ sí Lake Ray Hubbard, nítorí ó ní mo ti ń kan bí ọtí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó súnmọ́ Sachse níbi tí à ń gbé, a kò pẹ́ débẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, omi ń ru díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn ń sun ẹran. Mo rìn lọ sí etí rẹ̀, mo bu díẹ̀, mo tọ́ ọ wò.

"Fèyí! Epo mọ́tò ló wà nínú omi yẹn o!"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀ ni."

"O mọ̀ pé kò sí."

"Mo mọ̀."

Ó wá dúró tì mí. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń tún ṣe ní Grapevine, ojoojúmọ́ ló ń rí àwọn tó ń lọ sílé. Ó ní, "Lọ́yà ní ká ṣì ní sùúrù. Tó o bá kúrò ní Amẹ́ríkà kí ìwé ìgbélùú rẹ tó jáde, wọ́n lè má jẹ́ kó o wọlé mọ́." Mo ti gbọ́ ọ, mo ti gbọ́ ọ. Bàbá á pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin nínú oṣù Ògún. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n bàbá tèmi wà ní Òkìtìpupa, ó ń dàgbà sí i.

Àìkú, 23 Ẹrẹ́nà

Tèmítáyọ̀ pè mí tìbínú-tìbínú. Ó ra fóònù tuntun fún Bàbá, èyí tó ń fi ibi tí èèyàn wà hàn, nítorí pé Bàbá tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sódò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, fóònù ní orí ibùsùn ni Bàbá wà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí Tèmítáyọ̀ dé ilé lójijì, ó bá fóònù nínú agolo mílíìkì lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n dé e pinpin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bá bàbá yín sọ̀rọ̀ o!"

Bàbá gba fóònù. "Ohun tó ń sọ ibi tí mo wà fún ẹlòmíì, ẹ̀yin ń pè é ní fóònù. Olófòófó la mọ̀ ọ́n sí láyé tiwa."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Bó ṣe rí nìyẹn láti kékeré wa. Tí gbogbo apẹja bá ń wò ó, á kọjú ọkọ̀ rẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Tó bá ku òun nìkan, á yí i padà. Ó máa ń kó ẹja ọ̀bọ̀kún tó tóbi bí itan ọmọdé wálé, kò sì sí ọmọ bíbí inú rẹ̀ tó mọ ibi tó ti rí wọn. Màmá wa kú, kò mọ̀ ọ́n.

Abọ́ ni mo ń fọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ agolo yẹn padà wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá dé sínú agolo kò lè rí sátẹ́láìtì. Ìlà rẹ̀ á já. Mo dúró síbẹ̀, omi ń dà lọ.

Ajé, 24 Ẹrẹ́nà

Ọpẹ́ ni pé nǹkan kì í parẹ́ tán ní ọ́fíìsì wa. Mo kó gbogbo ìlà tí mo dànù padà sórí máàpù.

Ọlọ́run mi. Ìlà kọ̀ọ̀kan ti Bay Sable wá, ó dé etí ibi funfun náà, ó já. Lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní etí kejì, ó ń lọ sílé. Wọ́n yí ibẹ̀ ká. Ibi tí a pè ní òfìfo gan-an ni ibi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n sì kó tírákà wa sínú agolo kí a má baà mọ̀. Àṣírí tí wọ́n pa mọ́ kí ẹlòmíì má baà gbà á lọ́wọ́ wọn ló fẹ́ gbé ibẹ̀ fún àwọn tó ń wa yanrìn báyìí. Tí ọkọ̀ afayanrìn bá sì fi ẹnu kan ibẹ̀, ẹja ò ní padà síbẹ̀ láéláé.

Èmi ọmọ apẹja ni mo sì gbá a dànù o. Ojú tì mí.

Ọjọ́rú, 26 Ẹrẹ́nà

Mo fi fídíò pe Michelle, alága ẹgbẹ́ apẹja Bay Sable. Obìnrin bí ọmọ ọgọ́ta ọdún ni, ó ń ran àwọ̀n bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo kí i dáadáa, mo béèrè àwọn ará ilé. Mo ní, "Mà, mo fẹ́ béèrè nǹkan nípa omi yín."

"Kò sí nǹkan kan ní gúúsù."

N kò tíì dárúkọ ibi kankan.

"Wọ́n fẹ́ wa yanrìn níbẹ̀, Mà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwọ̀n. Àkùkọ kan ń kọ lẹ́yìn ilé rẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ pé ẹja wà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Apẹja ni bàbá mi, ní Ìlàjẹ, ní Nàìjíríà."

"Ṣé ó sọ ibi tiẹ̀ fún ẹ?"

"Rárá, Mà."

"Ó dáa." Ó pa fóònù.

Ẹtì, 4 Igbe

Yìnyín fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò wa, ní ọjọ́ tí ó yẹ kí n fi ọkàn balẹ̀ bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀.

Mo fi àwọn ìlà náà han Jessica. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fa àga, ó wò wọ́n dáadáa, ó mí kanlẹ̀. "Mo gbà ẹ́ gbọ́, Fèyí. Ṣùgbọ́n ìlà tó já kì í ṣe ẹ̀rí. Lọ́yà hòtẹ́ẹ̀lì á ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ṣe é. Ó di kí ọ̀kan nínú àwọn apẹja dìde níwájú ìjọba lọ́jọ́ ìpàdé, kó sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti ń pẹja, kó sì sọ ibi tó wà gan-an."

"Tó bá sọ ọ́, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n nìyẹn."

"Tí kò bá sọ ọ́, kò ní sí mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká fa ààlà apẹja gbòòrò, kí ibi náà lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ó ní òun á gbìyànjú.

Ọjọ́bọ̀, 10 Igbe

Ìjọba Saint Auban dá a padà. Wọ́n ní ó gbòòrò jù, kò sì nídìí.

Àìkú, 13 Igbe

Sọ́ńdè Ọ̀pẹ. Olúwadára fi imọ̀ ọ̀pẹ hun àgbélébùú, ó fi há ẹnu ọ̀nà. Mo fi imọ̀ tó kù sí imú. Kò rùn bí nǹkan kan.

Mo pe Bàbá, mo bi í: "Kí ló lè mú kí apẹja sọ ibi rẹ̀?"

"Ebi ò lè mú un sọ ọ́. Ọtí ò lè mú un sọ ọ́. Ìyàwó gan-an ò lè mú un. Ìyá yín gbìyànjú, ó já sí pàbó."

"Tí wọ́n bá fẹ́ ba ibẹ̀ jẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀tàn ni wọ́n á kọ́kọ́ pè é. Ẹni tó ń purọ́ nípa ibi tó ń lọ kò lè gba ẹni tó ń béèrè ọ̀nà gbọ́. Sọ fún wọn pé o ò ní ọkọ̀, pé o ò sí nítòsí òkun kankan. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, kí ló fẹ́ fi ẹja ṣe?"

Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí. N kò ní ọkọ̀. N kò sí nítòsí òkun kankan.

Ìṣẹ́gun, 15 Igbe

Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Michelle: "Mà, wákàtí márùn-ún ni mo fi jìnnà sí òkun. N kò ní ọkọ̀, n kò ní àwọ̀n. Bí mo tiẹ̀ mọ ibẹ̀, n kò lè débẹ̀." Ó kà á.

Àbámẹ́ta, 26 Igbe

Ọjà àwọn ará Vietnam ní Garland. Dọ́là mọ́kànlá ni mo ra ẹja kan, ojú rẹ̀ ti wọnú. Bóyá ó ti kú kí n tó dé Amẹ́ríkà.

Ajé, 5 Èbibi

Michelle fúnra rẹ̀ ló pè. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní kí yanrìn kúkú gbà á, ó sàn ju kí abúlé kejì mọ ibẹ̀ lọ. Bàbá kan tó ń jẹ́ Alcide, ẹ̀gbọ́n bàbá Michelle, ló dàgbà jù láàárín wọn. Bàbá tó bí Alcide ló kọ́kọ́ rí ibẹ̀. Òun nìkan ló ní àṣẹ láti sọ ọ́, kò sì bá Michelle sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti bẹ̀ ẹ́.

"Kí ni mo lè ṣe fún yín, Mà?"

"Tó bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kọ ọ́ dáadáa. Má jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ọjọ́bọ̀, 15 Èbibi

N kò lè jẹun láàárọ̀. Akínbọ́lá di oúnjẹ náà sínú kúlà fún mi, n kò tíì ṣí i di báyìí.

A wo ìpàdé náà lórí ẹ̀rọ, èmi àti Jessica. Gbọ̀ngàn kan ni, fáànù ń yí, àwọn apẹja wọ ẹ̀wù ọjọ́ ìsinmi. Òṣìṣẹ́ ìjọba ka àwọn ìpín náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ibi funfun, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó tún béèrè. Mo ń wo Michelle, Michelle ń wo ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ti mú bírò láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí àtakò.

Bàbá arúgbó kan dìde lẹ́yìn pátápátá. Ó ṣí fìlà. Ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé.

Wọ́n ṣí i. Ó na ọwọ́ síta, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní tí o bá wà lójú omi, tí ilé iná etíkun sì dúró gan-an sábẹ́ àlàfo àárín òkè méjì, ojú ọ̀nà kan nìyẹn, má yà kúrò lórí rẹ̀. Máa lọ títí orí àpáta ìwọ̀-oòrùn á fi bo òrùlé àgọ́ ọlọ́pàá. Ojú ọ̀nà kejì nìyẹn. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, ju ìdákọ̀ró síbẹ̀. "Bàbá mi ló wá a rí, lọ́dún tí wọ́n bí mi. N kò sọ ọ́ rí."

Àwọn ọ̀dọ́ kan gbórí sókè. Ó hàn lójú wọn pé àwọn náà kò tíì gbọ́ ọ tán rí, pé títẹ̀lé ni wọ́n ń tẹ̀lé e. Ọkùnrin kan dìde, ó jáde, kò padà.

Mo fa ìlà kìíní. Mo fa ìkejì. Wọ́n pàdé sáàárín ibi funfun náà bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Jessica fi í ránṣẹ́ sí wọn lójú ẹsẹ̀, ó sì yọ sójú ògiri gbọ̀ngàn náà fún gbogbo èèyàn láti rí. Ọ̀rọ̀ lọ́yà hòtẹ́ẹ̀lì kò gùn. Kí ìpàdé tó parí, wọ́n ti yọ yanrìn kúrò, wọ́n fi ibẹ̀ fún ẹja pípa, ó di òfin bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alcide kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó fi fìlà bojú. Jessica dì mọ́ mi, ó ní mo ṣe é, mo ṣe é. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n sọ òkú fún.

Àbámẹ́ta, 17 Èbibi

Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ Michelle: "Ọkọ̀ mẹ́rin ti abúlé kejì ti wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹja ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣé."

Àìkú, 18 Èbibi

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀.

"Ó sọ ọ̀nà méjèèjì?"

"Ó sọ méjèèjì, Bàbá."

"Níwájú èrò?"

"Níwájú èrò."

"Kí Ọlọ́run tù ú nínú." Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Mo ti fẹ́ béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi yàtọ̀. Mo ní, "Bàbá, tiyín ńkọ́?"

Mo rò pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. "Tèmi? Èmi alára ò lè débẹ̀ mọ́. Góńgó ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo fi ń wò ó. Tó bá ti dúró gan-an lẹ́yìn òpó ilé ìwé, o ti wà lórí ọ̀nà nìyẹn. Ó wá di pé ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú omi, òpó wà nínú omi. Kí ni mo fẹ́ fi wò ó?"

Ọdún méjìdínlógójì mi láyé, n kò gbọ́ ọ rí. Mo ní, "Bàbá, àwòrán àtijọ́ wà lọ́wọ́ wa, tí sátẹ́láìtì yà kí òkun tó gba ìlú. Mo lè rí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Mo lè rí òpó yẹn. Mo lè wá ibẹ̀ fún yín."

"Ìwọ? Láti ibi tó o wà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ sọ ọ̀nà kejì fún mi."

Mo gbọ́ Tèmítáyọ̀ tó ń bá àwọn ọmọ jà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìkejì," Bàbá ní, "tó o bá dé, màá sọ ọ́ fún ẹ."

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé ìwé mi ò tíì jáde. Ẹ mọ̀ pé n kò lè—"

"Mo mọ̀. Tó o bá dé."

Lẹ́yìn tó pa fóònù, mo wá àwòrán ọdún tí mo kúrò nílé jáde. Ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn, pẹ̀lú òjìji rẹ̀ lórí iyanrìn. Òpó ilé ìwé nìyẹn. Mo fa ìlà láti orí ọ̀kan, ó gba orí èkejì, ó wọ inú òkun. Ó ń lọ, ó ń lọ, n kò mọ ibi tí mo máa dá a dúró sí.